Bọ́ọ̀sì Tí Mo Ní Ó Ti Kún

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kìíní

Òtútù ti já sí ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún lábẹ́ òdo. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ́kọ̀sí dì pa, Pentti ọkọ mi ń da omi gbígbóná sí i, ó sì ń ṣépè fún ẹni tó kọ́ ọ, ó gbàgbé pé òun ni.

Ẹgbẹ́ àwa tí a ń hun ìbọ̀sẹ̀ pàdé nílé mi lónìí, a sọ̀rọ̀ ìrìn àjò ọdún yìí. Lọ́dún tó kọjá, eré olórin ni mo mú wọn lọ wò, ìdajì wọn ló sùn. Sirkka tó ni ṣọ́ọ̀bù hanrun débi pé àwọn tó wà níwájú ń bojú wẹ̀yìn. Òun náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lónìí.

"Aila, jọ̀ọ́, lọ́tẹ̀ yìí, mú wa lọ síbi tí èèyàn ò ti ní lè sùn. Eré kan wà ní tíátà kan nílùú Tampere, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń gbọ̀n tí wọ́n bá ń jáde."

Mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí i. Kò sẹ́ni tó fọhùn, gbogbo wọn dorí kodò sórí ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ wọn. Bí àwa ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ ni níbí nìyẹn. Èmi tí mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n kíá tí orin ibẹ̀ bá ti ń yí padà di ti ẹ̀rù, èmi náà ni mo ní, "Ó dáa, màá pè wọ́n." Ta ló fẹ́ kí Sirkka máa pe òun lójo?

Helvi ò wá. Kò wá mọ́ láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú. Kọfí ti tún gbówó lórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kìíní

Mo pe tíátà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù mọ iṣẹ́ ẹ̀ dunjú. Ó ní tí eré bá dé ìdajì, tábìlì kan á wà tí wọ́n kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí, kọfí á ti wà nílẹ̀ dè wá. Ṣé búrẹ́dì ẹlẹ́ja la fẹ́ ni àbí kéèkì? Mo ní méjèèjì, nítorí mo mọ àwọn èèyàn mi. Ó tún fún wa ní ìlà àkọ́kọ́, inú mi dùn bíi pé èmi ni mo kọ́ tíátà náà. Mo wá béèrè bóyá nǹkan máa ń dún gbàmù nínú eré ọ̀hún, torí pé àwọn kan nínú wa, àyà wọn ò le.

"Rárá o, mà, kò sí ìbọn. Ọkọ tó rì sómi nìkan ni. Ó rì sínú adágún, ó wá ń padà wálé bá ìyàwó ẹ̀. Omi gidi ló máa ń kán lára ẹ̀. Ẹ bá mi sọ fáwọn èèyàn yín kí wọ́n má wọ bàtà olówó ńlá, torí ó máa ń ta sí àwọn tó wà ní ìlà àkọ́kọ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo tiẹ̀ dúpẹ́.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo adágún. Urho ọkọ Helvi lọ fa àwọ̀n ẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún kan sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín orí adágún ti ń dúdú, tí kò gba èèyàn dúró mọ́. Inú oṣù Kárùn-ún ni wọ́n tó rí òkú ẹ̀. Èmi àti Helvi ni a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé.

Ọjọ́rú, 17 oṣù Kìíní

Pentti ní kí n sọ fún wọn pé ká lọ wo nǹkan mìíràn. Mo ní kò ṣeé ṣe, Sirkka ti sọ fún gbogbo abúlé. Ó ní, "Helvi ńkọ́?" Mo ní Helvi kì í lọ síbì kankan mọ́. Ó wò mí, ó tún bu ọbẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù Kìíní

Mo lọ sọ́dọ̀ Helvi. Gbogbo obìnrin abúlé yìí ni mo ti pè. Tí n kò bá pe òun nìkan, ẹ̀gàn ni. Mo lọ nítorí kí n lè sọ pé mo lọ.

Ó gbé kọfí kaná. Mo kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe yẹ ọmọlúàbí, lẹ́yìn náà mo mu ife mẹ́ta. A sọ̀rọ̀ òtútù, a sọ̀rọ̀ eyín ológbò ẹ̀ tó ń jẹrà. Mo ti ń di kóòtù mi kí n tó mẹ́nu kàn án.

"A fẹ́ lọ wo eré kan ní Tampere lóṣù Kẹta. Ṣé wàá lọ?"

Ó ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Èmi kẹ̀? Ẹ mú àwọn tó máa gbádùn ẹ̀ lọ jàre."

Ọmọ ọdún mẹ́fà níbí mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe rárá. 'Tún bi mí' ni ìtumọ̀ ẹ̀. Èèyàn á kọ̀, wọ́n á tún bi í, á tún kọ̀, wọ́n á tún bi í, ìgbà yẹn ló máa ní ó dáa, tí kò bá ní ni yín lára. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ìyá Helvi ṣe ń ṣe nìyẹn. Helvi sì dúró. Ó di àkísà mú, ó gbójú sókè, ó ń retí ìbéèrè kejì.

Mo ní, "Ó dáa náà." Mo dé fìlà mi.

Ó ní kí n rọra tẹ àtẹ̀gùn, pé ó ń yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Kìíní

Látàárọ̀ ni mo ti ń sọ fún ara mi pé torí Helvi ni mo ṣe ṣe é, kí ọgbẹ́ ẹ̀ má baà ṣí. Irọ́ ni. Ohun tí mò ń rí ni Helvi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú níbẹ̀, tí omi ń kán, tí èmi ò mọ ibi tí màá fi ọwọ́ mi sí. Ara mi ni mo yọ nínú wàhálà. Ojú ń tì mí, mi ò sì ní padà lọ bi í.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Kìíní

Òjò dídì já bọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo lọ bá Bàbá Kauko, awakọ̀ abúlé wa, nítorí bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọn á gbé wa lọ, ṣùgbọ́n àwọn ò ní wọlé, inú ọkọ̀ làwọn á ti máa gbọ́ rédíò.

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín, Bàbá?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ogójì ọdún ni mo ti ń wakọ̀ nínú òjò dídì, tí ẹ̀yin obìnrin ń kọrin sí mi létí. Kí ló tún kù tó fẹ́ bà mí lẹ́rù?"

Àyè tó ṣófo ṣì pọ̀. Mo lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Sirkka, mo kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: ÀYÈ ṢÌ WÀ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kejì

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ tòní.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Àwa kì í kanlẹ̀kùn níbí, ńṣe la máa ń gbọn bàtà wa gìdì gìdì lẹ́nu ọ̀nà kí onílé lè gbọ́, ká tó wọlé. Helvi ni. Ojú títì ló gbà wá, ó ń ti àga onírin ẹ̀, irú èyí tí a fi ń yọ̀ lórí yìnyín, torí kì í gba orí adágún kọjá mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti pọ́n kankan. Kò jókòó, kò ṣí fìlà.

"Aila, eré yẹn. Ṣé àyè ṣì wà?"

Helvi, tí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí Urho ò wálé gan-an, ó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú kó tó pe Pentti, torí kò fẹ́ da oúnjẹ wa rú.

"Háà, Helvi," mo ní. "Bọ́ọ̀sì ti kún."

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Kò sì ṣeé kó padà.

"Ó dáa," ó ní. "Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Mo ní kó jókòó mu kọfí, ó ní rárá. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Nítorí kọfí lásán, mo rántí béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó lọ.

Pentti ń kó igi sínú ààrò ní gbogbo àsìkò yìí. Nígbà tó yá, ó ní, "Bọ́ọ̀sì wo ló kún?"

Mo gbé ṣọ́bìrì, mo lọ ń kó òjò dídì níbi tó ti kó o kúrò láàárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kejì

Tí bọ́ọ̀sì bá kún lóòótọ́, mi ò purọ́ mọ́. Ohun tí mo jí rò láàárọ̀ nìyẹn, ìyàwó ilé tí orí ẹ̀ pé. Mo pe àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kejì. Mo pe ìyàwó dókítà eléyín. Mo pe àbúrò ìyàwó Bàbá Kauko, tí etí ẹ̀ kan ò gbọ́rọ̀ mọ́.

"Ṣé eré náà dáa?" ló bi mí.

"Ó dáa gan-an."

"Ṣé ẹ̀rù ò ní bà mí?"

"Tí ẹ bá jókòó sápá òsì, ẹ ò ní gbọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń bọ̀. Pentti ti jáde kúrò ní ilé ìdáná, kò fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kejì

Bọ́ọ̀sì kún. Mo sáré lọ ya bébà mi kúrò lára ilẹ̀kùn Sirkka. Ó ń wò mí láti ẹ̀yìn káńtà.

"Kí lo ṣe fún Helvi?"

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"Èmi ni mò ń bi ẹ́. Ó wá ra mílíìkì lọ́jọ́ Sátidé, ó ń ti ọ̀nà ilé yín bọ̀. Ó dúró síbi tí o dúró sí yẹn, ó ka bébà yẹn títí, àfi bíi pé ìwé gígùn ni. Ó wá ní, 'Sirkka, ṣé tọdún yìí ni?' Mo ní tọdún yìí ni. Kò ra mílíìkì náà mọ́."

Ọjọ́ Sátidé. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó débẹ̀, ó rí lẹ́tà gàdàgbà tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ká ní ilẹ̀ lanu níbẹ̀, ǹ bá kó sínú ẹ̀. Mo ra ìyẹ̀fun tí mi ò nílò, mo sì gba ilé lọ.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kejì

Mo pàdé Helvi nílé oògùn. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè ẹsẹ̀ Pentti. Ìbá bú mi, ó sàn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kejì

Òtútù ti rọ̀, omi ń kán láti orí òrùlé. Mo rò pé n kò lè tún rí ìtìjú tó ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n Sirkka pè mí sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lónìí.

"Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń yọ mí lẹ́nu. Ta lo rò pé ó gbọ́ eré yẹn lórí rédíò?"

"Ìwọ kọ́?"

"Èmi tí mi ò ráyè gbọ́ ìròyìn. Helvi ni. Òun ló pè mí, ó ní kí n sọ fún ẹ pé ká lọ wò ó, kí n má dárúkọ òun. Ó ní tí ẹ bá mọ̀ pé òun ni, ẹ ó ní kò dáa fún òun. Ó ti ra búláòsì. Aláwọ̀ búlúù, ó gbé e wá kí n rí i. Nínú oṣù Kìíní nìyẹn o, kí o tó lọ pè é rárá."

"Ṣé ó mọ ohun tó wà nínú eré ọ̀hún?"

"Ṣebí mo ní ó gbọ́ ọ ni. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa."

Mo jókòó sórí páálí ọṣẹ. Sirkka ò sọ nǹkan mọ́, ó fún mi lómi. Eré Helvi ni, ìrìn àjò Helvi ni. Èmi tí wọ́n kàn rán níṣẹ́, èmi ni mo tì í síta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Kejì

Mo mú tíkẹ́ẹ̀tì mi lọ sílé Helvi.

"Àyè kan ti ṣí," mo ní.

"Ta ni kò lọ mọ́?"

"Èmi."

Ó ń gé ẹja wẹ́wẹ́ fún ológbò. "Ìwọ lo ṣètò ẹ̀. Lọ wò ó."

"Gbà á, Helvi."

"Rárá."

"Mo ní kí o gbà á."

Ó ń gé ẹja lọ. Mo dúró, mo tún ní kó gbà á. Kò sẹ́ni tó ń béèrè lẹ́ẹ̀kẹrin níbí, ó dà bíi kéèyàn máa fa aṣọ mọ́ ẹlòmíràn lára, ṣùgbọ́n mo béèrè. Ó fọ ọwọ́ ẹ̀, ó nù ún.

"Fi sórí tábìlì."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ̀, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí n sọ ọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo dé fìlà mi. Kò fi kọfí lọ̀ mí, mo sì jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù Kẹta

Oòrùn yọ, ojú ọ̀nà gbẹ. Bọ́ọ̀sì gbéra nígbà tó yẹ. Mo kó tíkẹ́ẹ̀tì tó kù fún Sirkka, mo sì sọ fáwọn tó bi mí pé inú ń run mí, irọ́ kan lórí èkejì. Bàbá Kauko yọ orí lójú fèrèsé.

"Ta ni ẹ̀rù wá ń bà báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn. Helvi ló wọlé kẹ́yìn. Mo rí ọrùn búláòsì náà lábẹ́ kóòtù ẹ̀, búlúù tó mọ́lẹ̀. Ó jókòó ti Sirkka, kò wẹ̀yìn.

Mo nu àwọn fèrèsé. Mo yan búrẹ́dì dídùn tó tó fún abúlé mẹ́ta. Ní ọ̀sán tí eré bẹ̀rẹ̀, mo lọ jókòó sínú sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, tí Pentti ò tíì dáná sí, mo sì jókòó síbẹ̀ nínú òtútù. Pentti wá, ó wò mí, ó ní, "Jẹ́ n kúkú dáná sí i."

Ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù Kẹta

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń gbọn bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Helvi wọlé láì kànkùn. Ó ṣí fìlà, ó bọ́ kóòtù, ó fa àga, ó jókòó. Mo gbé kọfí síwájú ẹ̀. Èmi fúnra mi ò lè jókòó, mo fara ti ààrò.

"Sirkka pariwo débi pé òṣèré yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀," ó ní. "Ó di apá mi mú, ó ti dá egbò sí mi lára. Gbogbo wọn ló di ojú. Àbúrò ìyàwó Kauko bọ orí sínú báàgì."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò dijú. Ọkọ tó rì yẹn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi ń ṣàn lára ẹ̀, ó ń kán sílẹ̀. Ó ta sí mi lẹ́sẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn dúró bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun wọlé. Ìyàwó ẹ̀ wá figbe ta, ó sá lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n bú u. Kí ló ń sá fún? Ọkọ ẹ̀ ló wọlé yẹn."

Ó mu kọfí.

"Lóṣù Kárùn-ún yẹn, tí wọ́n gbé Urho dé," ó ní, "gbogbo yín lẹ ní kí n má wò ó. Ẹ ní kí wọ́n kan pósí pa. Ẹ ní ó sàn kí n rántí ẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mi ò rí i kó wọlé mọ́, Aila. Mo nu fèrèsé lọ́jọ́ tó jáde, mo rí i tó ń lọ, mi ò wá rí i kó dé. Ohun tí mo fẹ́ lọ wò nìyẹn. Kí ẹnì kan ṣáà gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú omi lára, kí n sì wò ó."

"Irọ́ ni mo pa," mo ní. "Bọ́ọ̀sì ò kún. Mo purọ́ fún ẹ lójúkojú, lẹ́yìn náà mo wá èèyàn kún un."

"Mo mọ̀."

"Mo ń sọ fún ara mi pé torí tìẹ ni."

"Torí ta ni?"

Mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ̀. Mo wo ilẹ̀. "Ẹ̀rù ẹ ló ń bà mí, Helvi. Láti ìgbà tí Urho ti kú ni ẹ̀rù ẹ ti ń bà mí. Tí mo bá rí ẹ lọ́nà, mo máa ń dúró kí o kọjá."

Ó gbé ife sílẹ̀. Mo rò pé ó máa dìde. Mo tiẹ̀ ti na ọwọ́ sí ibi tí kóòtù ẹ̀ wà, kí n bá a gbé e.

"Mo rí ẹ tó o máa ń dúró," ó ní. "Gbogbo yín lẹ máa ń wò mí bíi pé ara mi ni omi ti ń kán."

Ó nawọ́, ó fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ jáde.

"Kúrò nídìí ààrò yẹn. Jókòó."

Mo jókòó. Apá mi ń kan apá ẹ̀. Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè wò ó, ṣùgbọ́n mi ò dìde.